Ìran ni Àpọ́nlé Lọ Wò Lórí Òkè

Àpọ́nlé ti pé ẹni àádọ́ta ọdún kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ràn òkè. Ọ̀tà ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Òsì, ibẹ̀ náà ló sì ti wọlé ọkọ. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ojú rẹ̀ mọ̀. Ibi tó ga jù tó ti gùn rí ni àjà kejì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àbúrò bàbá rẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn pàápàá, ògiri ló máa ń dì mú bó bá ń gùn ún. Ó ti gba Abẹ́òkúta kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí àwọn àpáta ibẹ̀, àmọ́ láti ojú fèrèsé mọ́tò ni. Dámiláre, àkọ́bí rẹ̀, wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, ọmọ ọwọ́ ni, ó sì ń bì. Ẹni tí ọmọ ń bì sí lára kì í ráyè wo àpáta.

Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra níwọ̀n, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti pọ korobá jáde, tí ó ṣì ń gbóná, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ tó bá yọ ṣọnṣọ, wọ́n á gbé e sókè síbi iná láti mọ̀ bóyá ihò wà nídìí rẹ̀, wọ́n á sì tò ó bọnú ara wọn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé ìka rẹ̀ kò mọ ohun tó gbóná mọ́. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀ṣìnúbí, káfíńtà ni, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì ju iwájú ilé lọ. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, oníkálukú ti lọ sílé tirẹ̀.

Ẹni tó ń jókòó tì í nídìí tábìlì iṣẹ́ ni Làtífátù, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó wá láti Ìdó-Àpáta, ìlú kékeré kan tó fara ti òkè ní ìhà Òkè-Ògùn. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Làtífátù sórí ìwọ̀n, ìdajì rẹ̀ òkè ni. Bí ooru bá mú, á ní atẹ́gùn orí òkè àwọn kì í jẹ́ kí ènìyàn làágùn. Bí omi ẹ̀rọ bá ń rùn, á ní omi inú àpáta àwọn dà bí omi yìnyín. Àwọn obìnrin yòókù máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Làtífátù, nígbà tí òkè yín dára tó báyìí, kí lo wá ṣe ní Ṣàngó?"

"Òkè kì í san owó oṣù," ni yóò fèsì, yóò sì máa gé etí korobá rẹ̀ lọ.

Àpọ́nlé nìkan ni kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìbéèrè ló máa ń bi í. "Ẹni tó bá dé téńté orí rẹ̀, kí ló máa ń rí gan-an?"

"Màmá Dámiláre, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀."

Lọ́dún 1988, kò sí ilé tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé dé, kò kàn lẹ́kùn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èròjà ike wá, náírà sì ti bọ́ sílẹ̀ débi pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò lè rà á mọ́. Ẹ̀rọ kan dákẹ́, èkejì dákẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú òjò, wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ sinmi nílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Ẹlòmíràn wá iṣẹ́ ojúmọ́ gbà l'Ékòó. Ẹlòmíràn gba Àtàn lọ, ó lọ dá oko. Àpọ́nlé jókòó sílé, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé. Ó gbá àgbàlá láàárọ̀, ó tún gbá a lọ́sàn-án. Ó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

"Ìyá Dámiláre," ni ọkọ rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, láìgbójú kúrò lára pákó tó ń rẹ́, "jẹ́ kí ilẹ̀ yìí sinmi. Kò ṣẹ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Làtífátù yà láti dágbére. Ó ń lọ sílé lọ bá ìyá rẹ̀ wa iṣu. Ó rí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Àpọ́nlé, ó rí bí ilẹ̀ ṣe mọ́ fóní-fóní, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ ò ṣe bá mi lọ?"

Àpọ́nlé wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀ṣìnúbí fẹ́ eruku igi kúrò lójú ayùn. "Máa bá a lọ," ló ní. "Bí o bá dúró, o ó gbẹ́ ilẹ̀ ilé yìí di kòtò."

Wọ́n wọ mọ́tò ní Ṣàngó dé Abẹ́òkúta, wọ́n wọ òmíràn dé Ìsẹ́yìn, láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti há ara wọn mọ́ inú ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, Àpọ́nlé rí ohun dúdú kan tó gbórí sókè níwájú wọn.

"Òjò ti ṣú lọ́hùn-ún yẹn," ló wí.

Làtífátù bojú wòta. "Kì í ṣe òjò, Màmá. Ilé wa nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn ni ohun tí Àpọ́nlé pè ní òjò ń le sí i, tí kò sì ṣípò, títí ó fi di àpáta kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó sì ga, tí àwọn ilé kéékèèké tò sí ìdí rẹ̀ bí òròmọdìyẹ sábẹ́ ìyá wọn. Àpọ́nlé sọ̀kalẹ̀, ó gbójú sókè. Ó gbójú sókè títí gèlè rẹ̀ fi yọ̀ ṣubú lẹ́yìn orí.

Ọ̀nà òkè náà kò ṣàjèjì sí àbúrò ìyá Làtífátù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fọláwẹwọ́. Ọdẹ ni nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Nísinsìnyí, bí àwọn ọmọ iléèwé tàbí àwọn ará Ìbàdàn bá wá wòran, òun ló máa ń mú wọn gun òkè. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn àlejò rẹ̀ wọ̀lú ló wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù, ó mú ọ̀pá dání, ó sì gbé àpò kan kọ́ èjìká.

Oko ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kọjá, lẹ́yìn náà abẹ́ àwọn igi igbá, lẹ́yìn náà koríko tí ìrì rẹ̀ rin wọ́n dé orúnkún. Ibi tí koríko tán sí ni àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Fọláwẹwọ́ dúró, ó wo sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ Àpọ́nlé.

"Ẹ bọ́ ìyẹn, ìyá. Àpáta ò fẹ́ ohun tó ń yọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀."

Ó bọ́ ọ, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. Òkúta náà tutù, ara rẹ̀ rí háráhárá bí ìdí ìkòkò. Wọ́n rìn, wọ́n sinmi, wọ́n tún rìn. Lórí àpáta tó wà lódìkejì, àwọn ìjímèrè jókòó bí àgbà tó ń ṣèpàdé. Wọ́n wo àwọn ènìyàn, àwọn ènìyàn náà wò wọ́n, kò sí ẹni tó yọ ẹnì kejì lẹ́nu. Ní agbedeméjì òkè, igi ọ̀dán kan hù láti ibi tí àpáta ti là, wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni wọ́n dé ibi tí àwọn ará ìlú ń pè ní Iwájú Apárí, nítorí pé ó ga ṣánṣán, ó pá, ó sì ń dán.

Àpọ́nlé rí i, ó dúró.

"Mo ti dàgbà jù fún èyí," ló wí.

"Àpáta yìí dàgbà jù yín lọ," ni Fọláwẹwọ́ fèsì. "Ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ má sì wo òkè. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lé ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló fi gùn ún. Làtífátù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ fún un pé, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún, Màmá. Ó dáa. Ẹ gbé e díẹ̀ sí i." Lójijì, àpáta náà tẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí òkè kankan mọ́ tó kù láti gùn.

Ó dìde dúró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni adágún kékeré kan tí omi kún inú rẹ̀. Níwájú adágún náà ni wọ́n ti rí àwọn ihò ọlọ tí àwọn baba ńlá ará ìlú gbẹ́ sínú àpáta nígbà tí ogun lé wọn gun òkè, tí wọ́n sì ń lọ àgbàdo wọn níbẹ̀. Àpọ́nlé fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, inú rẹ̀ ń dán. Ó ro àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń lọ àgbàdo, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ̀tá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi etí àpáta.

Ìlú wà nísàlẹ̀, àwọn òrùlé páànù ń kọ mànà, ọ̀nà Ìsẹ́yìn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Oko lẹ́yìn oko, igbó lẹ́yìn igbó, títí ojú ọ̀run fi kanlẹ̀. Àṣá kan ń rà bàbà nínú afẹ́fẹ́, kò sí lókè orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà. Láti kékeré, ikùn àṣá ni Àpọ́nlé mọ̀, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni òun àti àwọn adìyẹ rẹ̀ máa ń wà. Lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyẹ́ rẹ̀ sì tò lé ara wọn bí páànù tí ọwọ́ káfíńtà gidi kàn.

"Làtífátù," ló sọ jẹ́jẹ́, "ẹ̀yìn àṣá nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mi ò ronú ẹ̀ rí pé ó lẹ́yìn."

Fọláwẹwọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ọ̀pá rẹ̀. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló na ọ̀pá náà sí ìwọ̀-oòrùn. Òjò ń bọ̀. Ó dúró ṣánṣán bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ó ń rìn bọ̀ lórí ilẹ̀. Ó rọ̀ sí oko kan, ó fo èkejì. Wọ́n wò ó títí ó fi bo ọ̀nà Ìsẹ́yìn mọ́lẹ̀, kí Fọláwẹwọ́ tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí àwọn wọ ihò àpáta.

Nínú ihò náà, ó kó igi gbígbẹ jáde láti kọ̀rọ̀ kan, ó dáná, ó sì yọ iṣu méjì nínú àpò rẹ̀. Wọ́n sun ún, wọ́n fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Òjò ń pariwo níta, omi ń tú sílẹ̀ lára àpáta bí ìgbà tí ènìyàn da korobá ńlá dànù. Àpọ́nlé jókòó, epo wà létè rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó ń ronú nǹkan tí ń ṣe òun, ó sì rí i pé inú òun ń dùn ni. Kò sí ẹni tó bímọ, kò sí ẹni tó ṣègbéyàwó, owó kankan kò sì wọlé. Inú rẹ̀ kàn ń dùn.

Kó tó padà sí Ọ̀tà, ó tún gùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ní Ọ̀tà, kò sí ẹni tó ń gun òkè lásán. Ẹni tó bá gun òkè, àdúrà ló gbé lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé ni Adéjọkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, wọlé wá kí i. Télọ̀ ni Adéjọkẹ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jáde ilé-ìwé, kò sì ríṣẹ́.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá Dámiláre. Wọ́n ní orí òkè lẹ lọ."

"Orí òkè ni mo lọ."

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi gbààwẹ̀?"

"Ààwẹ̀ kẹ̀? Iṣu sísun la jẹ lókè."

Adéjọkẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Kí lẹ wá lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ìran ni mo lọ wò."

Adéjọkẹ́ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rí ìran?"

"Mi ò ní mo rí ìran. Mo ní mo wo ìran. Mo wo àpáta, mo wo àṣá, mo wo òjò."

"Òjò ìbùkún ni," ni Adéjọkẹ́ wí, ó sì mi orí. "Ẹ bá mi rántí ọmọ mi nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń lọ."

Ọ̀rọ̀ kò dúró síbẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí Àpọ́nlé. Ẹnì kan gbé omi wá pé kó fi ọwọ́ kàn án. Ó ń ṣàlàyé, bó ṣe ń ṣàlàyé ni wọ́n ń sọ pé ẹni tí Ọlọ́run bá bá sọ̀rọ̀ kì í yangàn. Ọ̀ṣìnúbí pàápàá ń wò ó lójú kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó bi í léèrè.

"Ṣé nǹkan kan ń dà ọ́ láàmú tí o ò sọ fún mi?"

"Kò sí o, Bàbá Dámiláre."

"Ṣé ẹni tí nǹkan ò dà láàmú ló ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun àpáta?"

Àpọ́nlé rò ó díẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá kan àga tán, ẹ máa ń gbé e síta, ẹ ó wá lọ jókòó sódìkejì, ẹ ó máa wò ó. Kí ló ń dà yín láàmú nígbà yẹn?"

Ọ̀ṣìnúbí rẹ́rìn-ín, kò sì tún bi í mọ́.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ padà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n pè, àmọ́ wọ́n pe Àpọ́nlé àti Làtífátù. Ọ̀gá tó ń darí àwọn Àpọ́nlé ni Ṣótúndé, ọkùnrin gíga, tínrín, ọmọ ìjọ Kérúbù, tí kì í bá òṣìṣẹ́ ṣeré. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí Àpọ́nlé tẹ̀ lé òun dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, ẹ̀rù sì bà á, ó rò pé wọ́n fẹ́ dá òun dúró ni.

"Màmá," ni Ṣótúndé wí, ó ń wo ilẹ̀, "ẹ rántí mi."

"Kí n rántí yín níbo, ọ̀gá?"

"Lórí òkè. Mo gbọ́ pé wọ́n tún máa dín wa kù. Mo ní ọmọ márùn-ún."

Àánú rẹ̀ ṣe Àpọ́nlé. Kò ì tíì gbọ́ ọ rí kó sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, n ò fẹ́ tàn yín. Mi ò gbàdúrà kankan níbẹ̀. Mo lọ wòran ni."

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹni tó bá ní nǹkan lọ́wọ́ kì í pariwo."

Àpọ́nlé rí i pé ẹnu kò lè tú okùn yìí. "Ó dáa," ló ní. "Mọ́ńdè Àjíǹde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ̀yin fúnra yín á gbé àdúrà yín lọ síbẹ̀."

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí Àjíǹde ọdún 1989 dé, bọ́ọ̀sì kan kún fún ènìyàn ní Ṣàngó, gbogbo wọn ń lọ Ìdó-Àpáta, oníkálukú pẹ̀lú ẹrù tó wà lọ́kàn rẹ̀. Adéjọkẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ìyá ìjọ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ náà bá wọn lọ. Ọ̀ṣìnúbí náà wọ ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ wo ohun tó gba ìyàwó òun lọ́wọ́ òun. Agboolé ìyá Làtífátù ni wọ́n sùn sí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Fọláwẹwọ́ wo èrò tó dúró níwájú rẹ̀. Ṣótúndé wọ sùtánà funfun báláú, kò wọ bàtà, ó mú agogo lọ́wọ́ kan, ó mú àbẹ́là lọ́wọ́ kejì.

"Ti bàtà yẹn, ẹ ti ṣe é re," ni Fọláwẹwọ́ sọ fún un. "Ẹ máa nílò ọwọ́ yín méjèèjì lókè o."

Ṣótúndé ki àbẹ́là bọ àpò, ó sì fi agogo kọ́ ọrùn. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó gbé ló ń dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so agogo mọ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá ni.

Ọ̀ṣìnúbí bá wọn dé abẹ́ igi ọ̀dán, ó jókòó. "Orúnkún mi ní ibi tí òun mọ nìyí," ló wí. "Ẹ máa lọ. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ ó bá mi níbí."

Àwọn tó kù gun Iwájú Apárí. Adéjọkẹ́ ń pe Jésù ní gbogbo ibi tó bá gbé ọwọ́ lé. Nígbà tí gbogbo wọn dókè tán, Ṣótúndé mí kanlẹ̀, ó yọ àbẹ́là, ó ṣáná. Atẹ́gùn pa á. Ó fi ara ṣe gàgá fún un, ó tún ṣáná. Atẹ́gùn yí i ká, ó pa á. Ó lọ sẹ́yìn òkúta, ó gbé e sínú ihò ọlọ, títí kò fi sí igi ìṣáná kankan mọ́ nínú páálí rẹ̀. Adéjọkẹ́ dá orin, afẹ́fẹ́ gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọn, wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá ti gbè é.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ jókòó nítorí ẹsẹ̀ ń ro ó. Ẹnì kejì jókòó tì í. Làtífátù nawọ́ sí òdìkejì, ó ní, "Ẹ wo àwọn ìjímèrè." Adéjọkẹ́ ní, "Níbo? Níbo ni?" Ó ń nàgà bí ọmọdé. Ọ̀kan lára àwọn ẹranko náà gbé ọmọ rẹ̀ mọ́yà, ó ń wá kòkòrò lára rẹ̀, gbogbo wọn sì ń wò ó. Wọ́n wo adágún, wọ́n fi ọwọ́ bomi rẹ̀ mu, wọ́n gbà pé irọ́ kọ́ ni Làtífátù ń pa láti ọjọ́ yìí wá. Ṣótúndé dúró sétí àpáta, sùtánà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó ń wo ọ̀nà jíjìn. Àpọ́nlé kò lọ bá a. Ó mọ ohun tó ń rí.

Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ni wàhálà dé. Àwọn yòókù ti tẹ̀ lé Fọláwẹwọ́ lọ sísàlẹ̀ Iwájú Apárí kí wọ́n tó mọ̀ pé Ṣótúndé kò sí lẹ́yìn wọn. Ó wà ní àárín rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ òkúta, ojú rẹ̀ pọ́n. Àpọ́nlé tún padà gùn ún lọ bá a, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló dé?"

"Mo wo ìsàlẹ̀." Ó tún rọ̀ mọ́ òkúta. "Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

"Ẹ jókòó."

"Màmá, sùtánà ni mo wọ̀."

"Sùtánà á fọ̀. Ẹ jókòó bí mo ṣe jókòó yìí."

Ó jókòó díẹ̀díẹ̀. Àpọ́nlé kò kán an lójú. Ó bi í léèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, Ṣótúndé ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó gbọ́n, èyí tó yájú, bí ó sì ṣe ń dárúkọ wọn ni Àpọ́nlé ń sún ìdí, tí òun náà ń sún ìdí tẹ̀ lé e. Kí ó tó dárúkọ àbíkẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn ti kan ibi tó tẹ́. Ṣótúndé wo ẹ̀yìn, ó rí ibi tó ti bọ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì. Agogo ọrùn rẹ̀ ń dún bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó ti ń dì í mọ́nú láti àárọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n bá Ọ̀ṣìnúbí lábẹ́ igi. Ó wo ìdí sùtánà funfun náà, ó ti dúdú, ó sì ti ya ní ibi méjì.

"Ọ̀gá," ló wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ gun àpáta ni, àbí àpáta ló gùn yín?"

"A gun ara wa, Bàbá," ni Ṣótúndé fèsì.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn ń padà bọ̀, tí wọ́n ti kọjá Ìsẹ́yìn, Ṣótúndé kọ háà lórí ìjókòó rẹ̀. "Màmá, mo gbàgbé láti gbàdúrà."

Adéjọkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi náà," ló wí. Àwọn ìyá ìjọ wo ara wọn. Àpọ́nlé yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín ojú rẹ̀.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ilé-iṣẹ́ dín ènìyàn kù lóòótọ́. Wọ́n dá Ṣótúndé dúró, wọ́n dá Àpọ́nlé náà dúró. Làtífátù nìkan ló kù nídìí tábìlì. Ṣótúndé fi owó díẹ̀ tí wọ́n fún un gba ilẹ̀ kan ní Ìtẹ̀lé, ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà fún àwọn ará Èkó tó ń kọ́lé síbẹ̀. Iṣẹ́ náà le, oòrùn pa á dúdú, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kò fi iléèwé sílẹ̀. Ó yà sílé Àpọ́nlé lọ́jọ́ kan, símẹ́ǹtì ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Màmá, òkè yẹn ò gbà mí lọ́wọ́ ìdádúró."

"Mo ti sọ fún yín, ọ̀gá."

"Ẹ sọ fún mi. Mọ́ńdè Àjíǹde ńkọ́? Ṣé à ń lọ?"

Wọ́n lọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ. Nígbà mìíràn, bọ́ọ̀sì kún, nígbà mìíràn, epo wọ́n, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì lọ. Àwọn kan ṣì ń gbé àdúrà wọn lọ síbẹ̀, Àpọ́nlé kò sì bá wọn jà mọ́. Ó sọ pé òkè náà fẹ̀ tó fún oníkálukú. Nílé, ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wá wà. Ó ń fi sándípépà ha àga àti tábìlì, ìka rẹ̀ tó fi ọdún púpọ̀ wá àbùkù lára korobá wá ń rí gbogbo ibi tí pákó bá ti rí háráhárá, Ọ̀ṣìnúbí sì sọ fún àwọn oníbàárà pé láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti wọ ìsọ̀, aṣọ ẹnikẹ́ni kò ha mọ́ àga òun mọ́.

Lọ́dún 1992, Àpọ́nlé rí i tí Ọ̀ṣìnúbí ń kan bẹ́ǹṣì kan láti inú igi ìrókò. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Àjíǹde dé, ó ní kí wọ́n dì í mọ́ orí bọ́ọ̀sì. Àwọn ọ̀dọ́ Ìdó-Àpáta gbé e gun òkè dé abẹ́ igi ọ̀dán, Ọ̀ṣìnúbí tẹ̀ lé wọn, ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan òkúta. Ó fi òkúta wẹ́wẹ́ gbé e lẹ́sẹ̀ títí ó fi dúró déédéé. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Téńté òkè tèmi ni mo dé yìí," ló wí.

Àpọ́nlé àti àwọn yòókù gùn ún débi tó tán. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́sàn-án, ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì náà, ó ti bọ́ fìlà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn tó kù kí i, wọ́n sì tẹ̀ lé Fọláwẹwọ́ lọ sísàlẹ̀. Àpọ́nlé jókòó tì í. Ọkọ rẹ̀ bu ẹ̀pà díẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Kí lo rí lónìí?" ló bi í.

"A bá àwọn ọmọ iléèwé kan lókè. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ya àwòrán ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ya gbogbo ilé, ó wá ya ọ̀pọ̀lọ́ kan tó tóbi ju gbogbo ilé lọ."

"Kí ló dé?"

"Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ ló sún mọ́ òun jù."

Ọ̀ṣìnúbí jẹ ẹ̀pà, ó rò ó. "Ọmọ yẹn ò purọ́," ló wí.

Atẹ́gùn ń fẹ́ láàárín ewé ọ̀dán. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń relẹ̀, wọ́n ń gbọ́ Adéjọkẹ́ tó ń sọ pé kí wọ́n dúró de òun. Àpọ́nlé na ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ̀pà náà tán kí wọ́n tó dìde.